Ẹ̀rọ Tó Ń Kólòlò

Gbogbo ẹni tó mọ Àlàájì Suara ní Agége ló mọ̀ pé kì í kánjú sọ̀rọ̀. Bí o bá kí i láàárọ̀, o lè ti kọjá ilé kejì kí èsì tó lé ọ bá. Nípàdé ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan búrẹ́dì, bí wọ́n bá ní kó dá sí ọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wo òrùlé, á wo ilẹ̀, á ṣí fìlà, á tún dé e padà. Ìgbà tó bá wá la ẹnu, gbólóhùn kan tàbí méjì ni, wọ́n á sì máa sọ̀kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí arúgbó tó ń bọ̀ lórí àkàbà. Àwọn èèyàn ní ọgbọ́n ni. Wọ́n ní àgbà tó gbọ́n kì í da ọ̀rọ̀ bí ẹní da omi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kó ṣàlàyé sí i, á yínmú sí onítọ̀hún, á ní, "Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Ìwọ lo mọ èyí tó o jẹ́."

Kì í ṣe ọgbọ́n. Ahọ́n ni.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí i sí, Suara Akólòlò ni wọ́n ń pè é ní ilé kéú. Bó bá fẹ́ pe bàbá rẹ̀, bàbá á ti wọlé, á ti jẹun, á ti tún gba oko lọ kó tó pè é tán, àwọn ọmọ adúgbò á sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa bá a kà á. Nígbà tó dàgbà tó ẹni tí ń dá rìn, ó di ẹrù, ó gba Èkó wá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ yẹn. Ó ti ṣàkíyèsí pé ahọ́n òun dà bí ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà: ẹni tó bá rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò ní í gbó mọ́ ọn, ẹni tó bá sáré, ó ti gé e jẹ. Ó wá ń rọra. Kí ẹnikẹ́ni má sì baà bi í léèrè ìdí tó fi ń rọra, ó sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ ń yá lẹ́nu rẹ̀ ló ń pẹ̀gàn, látorí agbérò dórí oníwàásù, títí dé àwọn olóòtú orí rédíò. Ó ní àgbá òfìfo ní í pariwo.

Ọ̀rọ̀ kan ló le fún un ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ, Ọlọ́run tó fẹ́ràn àwàdà sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀: búrẹ́dì. Ó ní ilé búrẹ́dì, ó ní ààrò ńlá, ó ní kẹ̀kẹ́ tó ń kó ẹrù kiri, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ kó dárúkọ ohun tó ń tà rí. "Ọjà" ló máa ń pè é. Ẹ gbé ọjà jáde. Ọjà ti jinná. Nílé, bó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, á dákẹ́ bí ẹni ń ronú, Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ á sì bá a sọ ọ́ láìwo ojú rẹ̀, á máa fọ abọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ìgbéraga ni. Ìgbéraga sì sàn fún un ju òótọ́ lọ.

Àlàbá tó ń yan búrẹ́dì lọ́nà Abúlé Ẹ̀gbá ló kọ́kọ́ gbé agbóhùnsókè lé orí kẹ̀kẹ́. Ó ṣe orin ìpolówó, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sí i. Àlàájì Suara gbọ́ ọ, ó tutọ́. Ó ní ohùn Àlàbá dà bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n tì mọ́lé. Ṣùgbọ́n nípàdé ẹgbẹ́, ohùn ewúrẹ́ yìí ni gbogbo wọn ń yìn. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé ó yẹ kó jẹ́ òun ni agbẹnusọ ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ bá àwọn ìjọba ní Aláúsá sọ̀rọ̀. Ẹnìkan wá yíjú sí Suara, ó ní kí àwọn náà gbọ́ tirẹ̀. Àgbà tó ti fi ẹnu pẹ̀gàn ohùn ẹlòmíì kò kúkú lè sọ pé òun kò lóhùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀. Á ṣí omi kó máa ṣàn pariwo, á wá máa rọra kọ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì náà lórin, nítorí akólòlò kì í kólòlò nínú orin, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Ó kọ ọ́ títí ó fi lè yọ orin kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó fi wá ku ọ̀rọ̀ nìkan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa bá a ṣe orin ìpolówó tirẹ̀ ń jẹ́ Olúwadémiládé. Ìyá rẹ̀ ni olórí akọrin ìjọ Aládùúrà kan ní Àgídìngbì, inú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìyá náà sì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Fóòmù ló kàn mọ́ ògiri yíká kí ariwo má baà wọlé. Àlàájì Suara wo fóòmù, ó wo ẹní tí ọmọ náà fi ń sùn nílẹ̀, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun máa rí ilé tí ògiri ti ń sun fóòmù tí onílé ń sun ẹní. Ó béèrè onílù. Ọmọ náà nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó béèrè onígìtá. Kọ̀ǹpútà kan náà ni.

"Ìwọ wá ń ṣe kí ni?" ni Àlàájì bi í.

Síbẹ̀, nígbà tó dúró síwájú gbohùngbohùn, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ roboto bí ẹyin lábẹ́ adìẹ: Búrẹ́dì Ìtẹ́lọ́rùn, ẹni tó jẹ ẹ́ kò ní í wẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n tún un gbé fún òun gbọ́, ó ní ẹ̀rọ ni òun ń yẹ̀ wò. Ó ní kí wọ́n tún un gbé. Nígbà tó ń lọ sílé, ó ti dé Ògbà kó tó mọ̀ pé òun nìkan lòun ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀.

Nígbà tó yá, Dàwódù tó ń wa kẹ̀kẹ́ ilé búrẹ́dì gbé orin náà dé láti Àgídìngbì. Ó dúró síwájú ilé, ó yí ohùn sókè. Ìlù kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà ni ohùn Àlàájì Suara: Bú-bú. Bú-bú-bú. Wíkí-wíkí-wíìì. Bú-bú-búrẹ́dì. Wíkí. Bú-bú-búrẹ́dì Ìtẹ́lọ́rùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ jáde pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ara Àlàájì Suara tutù nínú ooru ààrò. Ohùn rẹ̀ ni, kò sí àní-àní. Ohùn tó fi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti wọ kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e wá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹnìkan ló tú òun fó, ó dá a lójú. Ó ro gbogbo ará ilé tó mọ̀ ní Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ̀gàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rò wọ́n. Ó fẹ́ bi Sùlíyá bóyá ó mọ ẹni tó lè ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá béèrè, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Gbogbo ọ̀nà dé Àgídìngbì ló fi ń to èébú tí yóò bú ọmọ náà jọ, gígùn gígùn, tí kò sí lẹ́tà tó le nínú rẹ̀.

Olúwadémiládé rò pé ìdùnnú ló gbé e wá. Ó gbé àga fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn án. Ó ní sìkíráàṣì ni wọ́n ń pè é. Ó ní àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù gidi ni wọ́n ń lò: wọ́n á fi ọwọ́ kan ti àwo síwájú, wọ́n á fà á sẹ́yìn lábẹ́ abẹ́rẹ́, ọwọ́ kejì á máa ṣí ohùn, á máa tì í. Òun kò ní ẹ̀rọ àwo, kò sì sí ẹni tó máa ra ọ̀kan fún òun. Ohun tí òun ṣe ni pé òun gé ègé kékeré lára ohùn Àlàájì, ibi tí ètè ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là gan-an, òun wá ń fà á lọ, òun ń fà á bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí òun bá fà á kíá, á han bí òròmọdìẹ. Bí òun bá fà á jẹ́jẹ́, á bú bí akọ màlúù. Bó bá ń padà sẹ́yìn, òun á pa ohùn mọ́, kí etí tó gbọ́ ọ lọ́dì. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àlàájì sọ lòun dán wò, kò sí èyí tó dáhùn bíi ti búrẹ́dì.

"Bú yẹn lágbára, sà. Bí ẹni gbá ilẹ̀kùn ni."

Àlàájì Suara wo òrùlé. Ó wo ilẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ló sọ jẹ́jẹ́, "ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan àwo bẹ́ẹ̀, ìta ni yóò sùn. Ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ nà wá, òun lẹ̀yin fi ń ṣe iṣẹ́ ṣe. Ayé yín ti dorí kodò."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni, sà, ó sì tún tẹ orin náà kó lè fi ibi tó dùn jù hàn án. Bú-bú. Bú-bú-bú.

Ibẹ̀ ni sùúrù ti tán. Gbogbo èébú tó ti tò jọ dà nù. Ó dìde, ó sáré sọ̀rọ̀, ohun tí kò ṣe láti ọdún gbọọrọ. "Ta ló rán ẹ sí mi? Ta ló sọ fún ẹ pé kó o máa fi b-b-bú… bú… bú-bú-bú…"

Ajá ti jí. Ètè rẹ̀ pàdé, kò là. Ó là, kò kọjá. Àgbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń gbọ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń bá kọ̀ǹpútà gbè é, òun pẹ̀lú ẹ̀rọ, bú-bú, títí Olúwadémiládé fi na ọwọ́ pa orin náà, tó wá ku òun nìkan nínú yàrá tí fóòmù kò jẹ́ kí ohùn rí ibi sá lọ. Ó gbé ẹnu dúró níkẹyìn, ó ń retí ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ló sá fún wá sí Èkó.

Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ẹnu yín lẹ fi ṣe é, Àlàájì?" ló béèrè. "Láìsí ẹ̀rọ?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn kan ń fi ẹnu ṣe é lókè òkun, òun kò mọ̀ pé irú wọn wà ní Agége. Ó ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà òun kò lẹ́jẹ̀ lára, èyí tí Àlàájì ṣe yìí ló lẹ́jẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe síwájú gbohùngbohùn, kí òun fi rọ́pò ti ẹ̀rọ.

Àlàájì Suara wò ó níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ó wá rí i pé kò sẹ́ni tó tú òun fó. Òmùgọ̀ ni ọmọ yìí, òmùgọ̀ pọ́nńbélé, Ọlọ́run sì ṣeun tó dá òmùgọ̀ sáyé. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ dé.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ kinní," ló wí. "Nílé wa, àtìrandíran la ti ń ṣe é."

Ó jókòó síwájú gbohùngbohùn, ó ya ẹnu. "Búrẹ́dì."

Ó jáde mọ́lọ́mọ́lọ́. Ó tún un sọ. Búrẹ́dì. Ó sáré sọ ọ́. Búrẹ́dì búrẹ́dì búrẹ́dì, bí omi tó ń ṣàn lórí ewé kókò. Òógùn bò ó. Ó ti lé ahọ́n yìí láti kékeré, kò lọ. Ó wá pè é lónìí, ó sá.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, Àlàájì," ni Olúwadémiládé ń wí. "Ẹ jẹ́ kó họ. Ẹ jẹ́ kó há díẹ̀."

Nígbà tó pẹ́, ọmọ náà pa ẹ̀rọ. Ó fi ohùn tí wọ́n fi ń ṣìpẹ̀ fún ọmọ tó fìdí rẹmi níléèwé bá a sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀bùn ni, kì í wá lójoojúmọ́, kí Àlàájì jẹ́ káwọn kúkú fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bó ṣe wà. Suara, tó wá láti wá pa orin náà rẹ́, ló tún ń sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé ẹnu òun ni.

Olúwadémiládé sọ fún Dàwódù, Dàwódù sì sọ fún ayé. Kí ìpàdé ẹgbẹ́ tó wáyé, ìròyìn ti gba iwájú débẹ̀. Àlàbá olóhùn ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ ló dìde, tó ní kí Àlàájì jọ̀ọ́ fi kinní ẹnu yẹn dá àwọn lára yá. Ọ̀rọ̀ owó ìyẹ̀fun ni wọ́n ń sọ, èyí ni Suara dìde sí. Kò wo òrùlé, kò wo ilẹ̀. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ sáré bó ṣe ń sáré nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó sọ ohun tó rò nípa àwọn tó ń gbówó lé ìyẹ̀fun, ó sọ ohun tó rò nípa àwọn tó jókòó tí wọ́n ń wò wọ́n. Nígbà tó kan búrẹ́dì, ajá jí: bú-bú-bú-bú. Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn dìde. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe agbẹnusọ.

Ó wò wọ́n yíká. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń rọra gbé kalẹ̀ fún wọn láti àárọ̀ ọjọ́, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ sí i rí. Ẹran lásán, ló wí nínú ara rẹ̀.

Ó délé, ó sọ fún Sùlíyá pé òun ti di agbẹnusọ. Ó ní àwọn wèrè náà rò pé eré ni òun ń fi ẹnu òun ṣe. Ó ń dúró kí ìyàwó rẹ̀ béèrè pé bí kì í bá ṣe eré, kí ni.

Sùlíyá ń nu orí tábìlì. "Bàbá Uswat," ló ní, "ìyá yín ti sọ fún mi kí n tó wọlé yín. Wọ́n ní bó bá ti kan ibẹ̀ yẹn, kí n máa bá yín gbé e."

Àlàájì Suara wá ohun tí yóò fi pẹ̀gàn rẹ̀, kò rí. Ó jókòó. Ebi ń pa á. Ó nawọ́ sí orí àpótí níbi tí wọ́n máa ń gbé ọjà sí, ó la ẹnu.

"Gbé bú… bú-bú…"

Sùlíyá dúró, ó ká àkísà mọ́wọ́. Kò bá a gbé e lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó ń retí.

"…bú-bú… búrẹ́dì wá."

Ó dìde, ó lọ gbé e.