Oògùn Inú Táǹkì

Mojọlá ń gbé omi ìfọjú bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé nígbà tó rí àbúrò rẹ̀ nídìí mọ́tò. Pọ́ọ̀lù ti ṣí ẹnu táǹkì Pijó baba wọn, ó gbé agolo pẹlẹbẹ kan dání, ó ń rọ omi inú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rọ àgbo sẹ́nu ọmọ ọwọ́.

"Kí nìyẹn?"

Pọ́ọ̀lù ṣì ń rọ ọ́. "Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Oògùn mọ́tò ni. Àjàṣẹ́ ni mo ti rà á. Tí a bá dà á mọ́ gásóìlì, á fọ inú ẹ́ńjìnnì, èéfín á sì dín kù."

"Ta ló rán ọ?"

"Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá rán mi? Ẹ ò rí bó ṣe ń wúkọ́ tó bá ń gun òkè? Gbogbo ọ̀nà Banigbé ló ń dúdú lẹ́yìn wa, àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ wá wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí, ẹ jẹ́ kí n kà á..."

"Má ka nǹkan kan sí mi létí! Gásóìlì ni àwọn tó ṣe é ní kó máa mu. Gásóìlì ni baba wa ń fún un títí ó fi kú. Ṣé ìwọ lo ṣe mọ́tò ni?"

Pọ́ọ̀lù wo ojú rẹ̀. Ó yí agolo náà dorí kodò, ó sì gbọ̀n ọ́n títí ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn fi wọnú táǹkì.

Inú ti ń bí Mojọlá sí ọmọkùnrin yìí kí mọ́tò tó dé ilé wọn rárá. Nígbà tí Mojọlá wà lọ́mọdé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ lẹ́tà kọ, baba wọn yọ ọ́ kúrò nílé ìwé, ó ní kó wá máa bá òun fún epo pupa, kí owó ilé ìwé Pọ́ọ̀lù lè pé lọ́dọ̀ àwọn fadá. Ó fún epo títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Pọ́ọ̀lù wọ bàtà, ó kọ́ Faransé, ó di tíṣà ní Banigbé. Orí epo yẹn náà ni baba wọn ti ra Pijó, lọ́dún tó ṣáájú òmìnira. Nígbà tí ikú sì dé, ó ní kí àwọn méjèèjì jọ máa lò ó: kí Mojọlá máa fi kó epo lọ sọ́jà, kí Pọ́ọ̀lù máa fi kó èrò lọ́jọ́ yòókù, kí Cyprien, awakọ̀ rẹ̀, máa wà á fún wọn. Bóyá ó rò pé ohun àjùmọ̀ní á so wọ́n pọ̀. Eegun kan ṣoṣo ló jù sáàárín ajá méjì.

Ohun tó tún wá dá kún ìbínú Mojọlá ni pé oògùn náà ṣiṣẹ́. Èéfín fẹ́lẹ́. Cyprien, tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jóni, ń yin mọ́tò létí rẹ̀: "Ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ o!" Mojọlá pòṣé. Ó ní kó máa wa ọkọ̀, kó yé sọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, tí ilé ìwé kò ṣí, Pọ́ọ̀lù ní òun náà ń lọ sí Àjàṣẹ́. Mojọlá kò lè ní kó má wọ ọkọ̀ baba rẹ̀. Iwájú ni òun jókòó sí, tíṣà há sáàárín garawa epo lẹ́yìn. Wọ́n yà kó epo sí i ní Tchaada.

Wọn ò tíì jìnnà sí Tchaada tí ọkọ̀ fi wúkọ́, tó tún wúkọ́, tó mí bí arúgbó, tó sì dákẹ́. Cyprien ṣíná sí i, kò jí. Ó tún ṣíná sí i títí bátìrì fi rẹ̀. Oòrùn ti ń mú. Àwọn ará Tchaada tí wọ́n ń ti oko bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wòran.

Mojọlá bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ wá wò ó o! Ẹ wá wo tíṣà! Ó fún mọ́tò baba mi ní májèlé mu, ó ti pa á! Epo mi ń yọ́ nínú oòrùn, ọjà ń tú ní Àjàṣẹ́! Ṣé inú ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa pa nǹkan onínǹkan?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò!"

Cyprien ti wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú asẹ́ tó ń sẹ́ gásóìlì, ó gbé e jáde. Ẹrẹ̀ dúdú tó kì bí ìdí ìkòkò àmù ló dí i pa. "Ibí ni wàhálà wà," ló wí. "Gásóìlì ò ráyè kọjá."

Pọ́ọ̀lù ti ìka bọ ẹrẹ̀ náà, ó gbé e sí imú. Ó dúró. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ìka yẹn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Epo pupa ni."

Mojọlá kò ní láti gbóòórùn kankan. Ó mọ̀ ọ́n. Àgbá kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tó ń da gásóìlì tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà sí. Epo pupa ló wà nínú àgbá náà tẹ́lẹ̀. Ó ti fi omi gbígbóná àti eérú fọ̀ ọ́, ó ní ó tó. Kò tó. Láti ìgbà yẹn ni ìdọ̀tí àgbá ti ń lọ sùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì.

"Àgbá yín ni," ni Pọ́ọ̀lù wí. "Oògùn ò ṣe nǹkan kan, ó fọ táǹkì ni. Ẹ̀gbin yín ló fọ̀ jáde. Voilà, ẹ ti rí i!"

"Bí ẹ̀gbin bá sùn, ta ní ní kí o jí i? Ó ń gbé wa lọ, ó ń gbé wa bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbin náà! Bó o bá fẹ́ fi oògùn fọ̀ ọ́, o ò ṣe kọ́kọ́ tú táǹkì sílẹ̀ kí o nù ún? Odidi agolo lo dà sí i, nítorí pé o fẹ́ fojú mi gbolẹ̀!"

Òótọ́ wà níbẹ̀, ó sì dun Pọ́ọ̀lù. Ó wo àwọn èèyàn, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bí ẹ bá kàwé ni, ẹ ò ní fi àgbá epo pupa gba gásóìlì."

Ọwọ́ Mojọlá ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun gbé e. Ó dún. Obìnrin kan láàárín àwọn tó ń wòran ké "Yéè!" nítorí Pọ́ọ̀lù ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù kò gbé ọwọ́ sókè. Ó gbá eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà sí ọ̀nà Ifangni, níbi tí ilé wọn wà. Kò wẹ̀yìn.

Títì ni wọ́n ti Pijó padà sílé. Cyprien tú táǹkì, ó fọ̀ ọ́ dáadáa. Mojọlá fúnra rẹ̀ ló yí àgbá náà lọ sínú igbó. Láti ọjọ́ náà, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa gásóìlì ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ń rà á. Nígbà tó pẹ́, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín díẹ̀. Cyprien fẹsẹ̀ họ ilẹ̀.

"Ìyá, ṣé kí n ra oògùn yẹn? Táǹkì ti mọ́ báyìí. Díẹ̀ ni n ó dà sí i."

"Bó o bá máa dà á, má jẹ̀ẹ́ kí n rí ọ."

Kò rí i. Èéfín lọ, kò sì bèèrè ibi tó gbà.

Pọ́ọ̀lù ránṣẹ́ pé òun yọwọ́ nínú ọkọ̀. Ó kó lọ sí Banigbé pátápátá. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣojú gbogbo ayé, dáadáa, bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àlejò.

Ní ìgbà òjò, Mojọlá ń lọ ra epo lápá Banigbé, ó rí ọkùnrin kan tó ká ṣòkòtò sókè lẹ́bàá ọ̀nà, tó fi bàtà kọ́ ọwọ́. Òjò ń nà án.

"Dúró," ló sọ fún Cyprien. Ó ṣí ìlẹ̀kùn. "Wọlé."

Pọ́ọ̀lù nu ojú. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé."

Ilé ṣì jìnnà, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun Mojọlá, èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: pé àgbá òun ló fà á. Ó la ẹnu.

"Kí òjò pa ọ́ nígbà náà," ló sọ, ó sì pa ìlẹ̀kùn dé gbà-á.

Cyprien rọra wa ọkọ̀, kí ẹrẹ̀ má bàa ta sí tíṣà lára.

"Ta ní ní kí o rọra?" ni Mojọlá jágbe mọ́ ọn.

Cyprien tẹ iná mọ́ ọkọ̀, ẹrẹ̀ sì ta.