Oògùn Tí Bàbá Mi Fi Kún Un

Èmi àti ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́, tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Jẹ́jẹ́, la wà nídìí ẹ̀rọ ìtànṣán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nítorí pé bàbá mi ló wà lórí tábìlì, òfin ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́tìnì. Mo dúró sẹ́yìn Jẹ́jẹ́, mo ń wo bàbá mi nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú wa, ẹ̀rù sì ń bà mí bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí.

Kókó jẹjẹrẹ kan ló wà nínú orí rẹ̀, ìtànṣán nìkan ò sì ràn án. Dókítà wá ní àwọn ń dán oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wò, tó máa ń dí ọ̀nà tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kálísíọ̀mù ń gbà wọ inú kókó. Bóyá ìtànṣán á wá ràn án. Káfíńtà ni bàbá mi, kò gbọ́ èdè dókítà. Èmi ni mo jókòó tì í nílé tí mo là á yé e: "Bàbá, oògùn yìí ló máa mú kí kókó yẹn rọ̀, kí iná wa lè wọ̀ ọ́." Ó ní ó ti yé òun.

A ti fi ìbòjú ike de orí rẹ̀ mọ́ tábìlì kó má bàa mì. Ó di rọ́bà kan mú lórí àyà, èyí tó máa tẹ̀ bí nǹkan bá ń ṣe é. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Rọ́bà náà já bọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí àyà, ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Mo pariwo: "Pa ẹ̀rọ!"

Jẹ́jẹ́, tí kì í sáré bí òjò tilẹ̀ ń lé e, ló kọ́kọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà nípọn, kì í yára ṣí. Kò tíì ṣí tán tí mo ti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. A tú ìbòjú. Ojú rẹ̀ tutù nini, òógùn bò ó. A gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Jẹ́jẹ́ tún un wọ̀n. Mo ń pè é ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀, títí kan èyí tí màmá mi nìkan máa ń pè é.

Ó lajú. "Ìyá mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, torí ó ní ìyá òun ni mo jọ. "Ṣé iná ti wọ̀ ọ́?"

"Bàbá, kí lẹ lò láàárọ̀ yìí?"

Ó dúró kí Jẹ́jẹ́ jáde lọ pe dókítà. "Mo lo tiwọn. Mo tún lo ti màmá rẹ, tó ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn kan náà ṣáà ni. Ìṣó kan ò lè di àga mú. Mo ní kí n fi kún un, kí kókó yẹn lè rọ̀ dáadáa."

Inú bí mi, ẹkún sì gbọ̀n mí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu: àlàyé tèmi ló fẹ́ pa á yìí.

"Má sọ fún dókítà o," ó ní. "Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Òun nìkan ló kù."

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń lo oògùn náà. Bí mi ò bá sọ ọ́, yóò tún fi kún un. Mo mọ bàbá mi. Ẹ̀rù méjèèjì ló ń bà mí.

Dókítà wọlé. "Kí ni Bàbá lò?"

Bàbá mi di ọwọ́ mi mú gírígírí.

"Ìlọ́po méjì oògùn yẹn ni wọ́n lò," mo ní.

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.