Yanrìn Gàrúbà, Ẹfun Khalid

3.
…kò sì sí iná lábẹ́ ẹ̀, àmọ́ ó ń hó. Khalid da omi sórí òkúta ẹfun tí wọ́n ti sun, garawa ń gbọ̀n, ooru bo gbogbo ojúlé. Fàtíà pàtẹ́wọ́.

Gàrúbà rí àtẹ́wọ́ yẹn. Ó ta á lára. Ta ló pàtẹ́wọ́ fún yanrìn rí?


3, lẹ́ẹ̀kan sí i, torí mo sáré jù.
Iwájú ilé bàbá Fàtíà l'Àpòmù ni wọ́n fẹ́ rẹ́. Khalid láti Ìkirè ló gbaṣẹ́; ẹfun ló fẹ́ pò mọ́ yanrìn, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Gàrúbà tó ń wa yanrìn tà ló kó yanrìn wá. Gàrúbà yìí náà ló ti tọrọ Fàtíà. Fàtíà ò tíì dá ọjọ́ yìgì.


1.
YANRÌN: Ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ sí Mẹ́kà, yanrìn náà ni.
ẸFUN: Ó gbóná, ó tutù, ó rọ̀ bí òrí, afẹ́fẹ́ á tún sọ ọ́ di òkúta. Alárékérekè.

(Gàrúbà ló kọ ọ́ sẹ́yìn àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ má gbà á gbọ́ tán.)


7. Lórí fóònù
FÀTÍÀ: Ẹ wá wo ògiri. Ó funfun báláú.
GÀRÚBÀ: Yanrìn tèmi ńkọ́?
FÀTÍÀ: Ó wà nínú ẹ̀.
GÀRÚBÀ: Ta ló rí i?
FÀTÍÀ: Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.


8.
Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.
KÒ TÍÌ LE.
— KHALID


8½.
Gàrúbà fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe fífọwọ́kàn lásán o. Ó ti àtàǹpàkò bọ inú ògiri níṣojú Fàtíà àti bàbá ẹ̀.

GÀRÚBÀ: Ẹ wò ó, Bàbá, ó ṣì rọ̀. Ká ní yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ni, ì bá ti le láti àná.
KHALID: Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ló ń le. Láìsí yanrìn yín, ì bá ti sán.

Ọ̀rọ̀ dáadáa yẹn ló bí Gàrúbà nínú jù.


12.
Ògiri le. Ihò tí àtàǹpàkò dá sí i le pẹ̀lú ẹ̀.

Gbogbo ara ògiri funfun. Nínú ihò yẹn nìkan ni yanrìn ti hàn.


13. Àtẹ̀jíṣẹ́ Fàtíà
Khalid ní òun lè dí ihò yẹn. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Bàbá tún bi mí nípa ọjọ́ yìgì, mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ihò náà. Ẹ wá wò ó.


14.
Gàrúbà kà á. Ó tún un kà.

Orúkọ Khalid nìkan ló rí.