Garawa Àkọ́kọ́

Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún Saeedah lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un pé ògiri ilé náà lè kọ́ òun lọ́gbọ́n.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Alhaja Asabe, ń bọ̀ láti Òkè-Ọyì lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọ́n fẹ́ máa gbé ní Adéwọlé, nínú yàrá tí àwọn àti ọkọ wọn, olóògbé Alfa Láwàl, ti lò rí. Bébà olódòdó tó wà lára ògiri yàrá náà ti gbó, etí rẹ̀ ti ń ká kò. Saeedah ní òun yóò ṣí i kúrò kí akunlé tó dé lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin yìí fẹ́ràn ìyìn, ẹ má dá a lẹ́bi.

Ó fi kànrìnkàn rin bébà náà lómi gbígbóná títí ó fi rọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ha á, ó tún ń nu ògiri. Omi garawa àkọ́kọ́ dúdú kirikiri. Ó rò pé ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ni, ó dà á sí gọ́tà ẹnu ọ̀nà. Garawa kejì ló ń lò lọ́wọ́ kó tó rí i pé dúdú ara ògiri náà tò ní ìlà-ìlà.

Kéwú ni! Áyátùl-kúrísíyù ni, tàdáwà tí àwọn alfa fi ń kọ wàláà ni wọ́n sì fi kọ ọ́, èyí tí omi tètè ń fọ̀. Ìlà méjì péré ló ṣẹ́kù.

"Àsìtàgàfúrúlà!"

Kò sí ọmọ ilé kéwú tí kò mọ̀ pé omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, hàǹtú ni. Wọ́n ń mu ún fún ìwòsàn, tàbí kí wọ́n dà á síbi tí ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀. Òun wá dà á sí gọ́tà, níbi tí ewúrẹ́ ti ń rìn!

Ó pe Abdulmateen ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, kò gbé e. Ó sáré jáde: omi ti ṣàn lọ, àbàwọ́n rẹ̀ nìkan ló kù. Bí Alhaja bá gbọ́, ojú wo ni wọn yóò fi máa wo òun nínú ilé yìí? Ọkàn rẹ̀ ní kó kúkú sọ pé garawa kan ṣoṣo ni. Ta ló kà á? Kò tíì rò ó tán nígbà tó gbọ́ "Sàlámù àlékùn" láti pálọ̀.

Ó sáré lọ kúnlẹ̀. Alhaja fi ọ̀pá tilẹ̀ dé yàrá, wọ́n sì wo ògiri títí.

"Alfa fúnra wọn ló kọ ọ́, nígbà tí Abdulmateen ṣàìsàn ní kékeré tí gbogbo wa ti sọ̀rètí nù. Nígbà tára ẹ̀ yá, mo ní kí wọ́n lẹ bébà bò ó, kí ọwọ́ ọmọdé má baà kàn án. Mi ò rántí sọ fún yín." Wọ́n fi ọ̀pá kan garawa. "Omi ẹ̀ nìyí?"

"Òun ni, mà."

"Gbogbo ẹ̀ nìyí, ìyàwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lẹ́nu Saeedah.

"Rárá, mà. Mo ti da ti àkọ́kọ́ sí gọ́tà. Mi ò mọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí." Ó bú sẹ́kún.

Alhaja rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ti rí i ní gọ́tà. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ tàdáwà Alfa, èmi tí mò ń sè é fún wọn? Orúnkún ò jẹ́ kí n lè fo gọ́tà náà, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi wá ló gbé mi kọjá."

Saeedah kò lè gbójú sókè. Ó fẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí tàdáwà ti sọ di dúdú, mọ́ ìró rẹ̀.

"Má nù ún," ni Alhaja wí. Wọ́n ká aṣọ wọn sókè, wọ́n di ọwọ́ náà mú, wọ́n sì gbé e lé orúnkún tó ń dùn wọ́n.