Igbó Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Tíṣà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń fi ìlú ìyá rẹ̀ yangàn, ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dà bó ṣe dà.

Mzukisi lorúkọ mi. Mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Umlazi, lẹ́bàá Durban, ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ẹ̀yà Mpondo ni mí, láti àfonífojì kan lẹ́yìn Lusikisiki, níbi tí igbó mímu ti ń hù bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ogójì ọdún ni ìyá mi, MaKhwetshube, fi gbìn ín. Igbó ló fi rán àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílé ìwé. Lọ́dọọdún ni hẹlikópítà ọlọ́pàá ń wá da oògùn sórí oko rẹ̀, lọ́dọọdún ló sì ń tún un gbìn. Èmi ńkọ́? Mo wà nílé ìwé. N kò gbin ẹyọ kan rí láyé mi. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bi mí pé kí ni ìyá mi ń tà, ọ̀dùnkún ni mo sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Ẹni tó gbé e débẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n títí dòní, àmọ́ láti ìgbà náà, bí inú bá ti bí i sí mi, á ní, "Ẹ bá mi kí oníṣòwò ọ̀dùnkún."

Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, orúnkún rẹ̀ kọṣẹ́. Mo lọ mú un wá sílé mi. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ, yàrá méjì ṣófo. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó wo àgbàlá mi tí mo da kọnkéré sí láti ògiri dé ògiri, ó ní, "Mzukisi, kí ni ilẹ̀ ṣe fún ọ tó o fi sin ín?"

Báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Kò tú u. Á mú aṣọ kan jáde níbẹ̀ láàárọ̀, bó bá sì fọ̀ ọ́ tó gbẹ, ibẹ̀ náà lá dá a padà sí. Oṣù kan kọjá, ó di méjì.

"Màmá, kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú yàrá yín o," mo ní.

"Mo rí i."

"Ẹ kó aṣọ yín sí i nígbà náà."

"Òjò àkọ́kọ́ ni mò ń retí. Tó bá ti rọ̀, màá lọ sílé. Mi ò lè kú sínú ilé tí nǹkankan kì í hù."

Kò sẹ́nì kan tó kù ní àfonífojì yẹn tó lè bu omi fún un mu. Ṣùgbọ́n ṣé mo lè sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn? Dípò kí n sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ, ilé yìí ti dá jù fún mi," ẹnu mi yà, mo ní, "Igbó ni màá gbìn sínú ilé yìí! Kí òjò tó rọ̀, màá ti kórè!"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ?"

"Èmi ọmọ yín."

"Nínú ilé? Nínú òtútù yìí?"

"Bí mo bá kórè èyí tó gbó, ẹ máa tú báàgì yẹn."

"Ta ló máa sọ pé ó gbó?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ó dáa. Tí kò bá gbó, ìwọ lo máa wa ọkọ̀ gbé mi délé, o ò sì gbọdọ̀ bá mi rojọ́ lójú ọ̀nà."

Ìjọba ti gbà kí kálukú gbin tiẹ̀ sínú ilé tiẹ̀, nítorí náà n kò yọ́ kẹ́lẹ́ lọ síbì kankan. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Durban. Obìnrin tó ń ta irúgbìn níbẹ̀ ka mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. Ó ní irú èyí kì í dúró de ìgbà, ọjọ́ orí ara rẹ̀ ló ń kà. Bó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, yóò yọ òdòdó, ìbáà jẹ́ òtútù, ìbáà jẹ́ ooru. Láàárín ọjọ́ márùndínlọ́gọ́rin, ó ti tó gé. Ó wá fún mi ní ìwé pélébé kan.

"Bàbá, ẹ kà á dáadáa o. Kò rí bí èyí tí wọ́n ń gbìn sóko."

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ibi tí mo ti wá?"

"Rárá, sà."

"Lusikisiki."

"Ẹ ṣáà kà á, sà."

Mo délé, mo ju ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, sáàárín àwọn ṣíbí. Kí ọmọ Mpondo máa ka ìwé kó tó gbin igbó! Àwọn baba ńlá mi á rẹ́rìn-ín mi pa. Àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta, mo sì ti fi òwe yìí bá àwọn ọmọ kíláàsì mi wí títí ohùn mi fi há.

Mo kó kóòtù mi jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá mi. Mo lẹ bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé ẹran sísun mọ́ inú rẹ̀, mo so gílóòbù ńlá kọ́ ibi tí kóòtù ìgbéyàwó mi ti máa ń wà. Mo gbin irúgbìn mẹ́ta sínú ike mẹ́ta. Èkíní kò tilẹ̀ tíì rí ayé tán tí mo fi omi pa á. Ìfẹ́ ni, mi ò mọ ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìyá mi kì í gbìn ín sójú oko lẹ́ẹ̀kan náà, ibòmíràn ló ti máa ń kọ́kọ́ mú un hù kó tó hú u lọ sóko. Èmi náà hú tèmi lọ sínú garawa. Ìkejì ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta yè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ló fi káwọ́ gbera, kò fi ewé kan kún ewé.

Mo tún rántí pé òru gígùn ni igbó ń fẹ́ kó tó yọ òdòdó. Bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, màá pa gílóòbù, màá ti ilẹ̀kùn pa. Inú mi ń dùn. Mò ń fi ìmọ̀ ìdílé ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ kan mo mú sísọ́ọ̀sì. Nílé, wọ́n máa ń gé e lórí kó lè ya ẹ̀ka. Bí mo ṣe gé e báyìí ni mo gbọ́ ọ̀pá ìyá mi lẹ́yìn mi.

"Kí lo gé yẹn?"

"Orí rẹ̀ ni, Màmá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà kọ́ lẹ máa ń ṣe?"

"Tó bá ga dé orúnkún ni mo máa ń gé e. Eléyìí ga dé ibo?"

Mo wolẹ̀. "Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi."

"Ọrùn ẹsẹ̀ ta ni? Ti adìyẹ?" Ó tẹ̀ síhà igi náà, ó wò ó pẹ́. "Irú tèmi kọ́ nìyí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ. Ṣé wọn ò fún ọ níwèé ni?"

"Màmá! Ọmọ yín ni mí, ẹ̀jẹ̀ yín ló wà lára mi!"

"Ẹ̀jẹ̀ mi kò gbin nǹkankan rí. Ọwọ́ mi ló gbìn ín."

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, èmi náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n orí ti já bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí igi náà ga tó ife tíì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀, mo rí irun funfun wínníwínní ní oríkèé rẹ̀. Ó ta mí jí. Èéhù! Àrùn ti wọlé! Ìyá mi dé, ó fi ìka kan án, ó gbóòórùn ìka náà.

"Òdòdó ni."

"Màmá, inú òtútù la wà. Nílé, oṣù Kẹta ló ń yọ òdòdó, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Òdòdó ni òdòdó ń jẹ́."

"Kékeré báyìí? Kò ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká ronú bí onímọ̀."

Ẹ wo èmi, tí mò ń kọ́ MaKhwetshube ní igbó! Bó ti padà sí yàrá rẹ̀, mo jókòó, mo fi èékánná já irun funfun náà kúrò níkọ̀ọ̀kan, mo dà wọ́n sílé ìyàgbẹ́, mo sì fa omi tẹ̀lé e. Gbogbo ohun tí mo gbìn ín fún ni mo fi omi gbé lọ yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, irun náà tún yọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fi í sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìwà ọgbọ́n tí mo hù lọ́dún náà.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kékeré ni igi o, àmọ́ òórùn rẹ̀ ti dàgbà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, aládùúgbò mi, MaHadebe, olórí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ pupa ẹgbẹ́ wọn, ó ń fi imú wá nǹkan kiri.

"Tíṣà, kí ló ń rùn báyìí?"

Alàgbà ìjọ ni mí. Ahọ́n mi kò tilẹ̀ bi mí léèrè. "Ọ̀dùnkún ni," mo ní. "Ìyá mi ń sun ọ̀dùnkún, ó jóná."

Bí mo ṣe yíjú, ìyá mi wà lójú fèrèsé. Mo ń retí kó bú mi. Ó kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ rẹ̀ wọlé, báàgì rẹ̀ ti kúrò lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú gbà mí tì débi pé n kò lè jẹ tèmi.

Òjò rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹsàn-án. Mo gbọ́ ọ lórí páànù, mo sì rọra dùbúlẹ̀ bí ẹni pé bí n kò bá dìde, kò ní rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo jáde, ìyá mi ti wé gèlè, ó ti jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú báàgì lórí itan.

"Ó ti rọ̀," ó ní. "Níbo ni ìkórè wà?"

Mo wọlé, mo gé e. Ohun tí mo rí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo gbé e sórí àwo tíì kí ó lè jọ nǹkan, mo gbé e wá. Kó tó fọwọ́ kàn án, MaHadebe ti ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú agbòjò, torí ọkọ̀ mi ló máa ń bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fa imú.

"Háà, Tíṣà! Ọ̀dùnkún tún jóná ni?"

Ìyá mi wo báàgì rẹ̀, kò wo ojú mi. Mo di àwo náà mú bí ọmọ ilé ìwé tó ṣẹ̀, èmi àgbàlagbà ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

"Rárá, Màmá Ìjọ," mo ní. "Irọ́ ni mo pa fún yín. Igbó ni. Èmi ni mo gbìn ín sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, tí mo sì bà á jẹ́. Igbó ni ìyá mi tà tó fi sọ mí di tíṣà. Kò ta ọ̀dùnkún rí."

MaHadebe wò mí, ó wo àwo, ó wo ìyá mi. Ó wá fa àga, ó jókòó. "Màmá," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "wọ́n ní ó dáa fún orúnkún, àbí irọ́ ni?"

Ìyá mi mú ohun kékeré náà, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lápò mi. Ọ̀nà Lusikisiki ni mò ń rò.

"Ó ti gbó," ó ní.

Ẹ wò ó, mo ké hòò! Mo gbé MaHadebe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Mo kọrin ju àwọn akọrin lọ. Bí mo ṣe dé, mo tú dúrọ́ọ̀ ṣíbí, mo yọ ìwé náà, torí mo fẹ́ fi han ẹni tó kọ ọ́ pé a ò nílò rẹ̀. Mo wọ awò ojú mi.

Ó ní: má ṣe hú u láti ibì kan lọ síbòmíràn. Má ṣe gé e lórí. Má ṣe pa iná mọ́ ọn fún ìdajì ọjọ́. Má fọwọ́ kan òdòdó rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ ilé ìdáná. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé bí irun rẹ̀ bá ṣì funfun, kò tíì gbó, kí a fi í sílẹ̀ títí yóò fi pọ́n bí ìpẹtà. Mo lọ wo orí àwo. Gbogbo irun orí rẹ̀ funfun báláú.

Mo mú àwo àti ìwé, mo lọ sí yàrá ìyá mi. Ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń ká aṣọ sí i.

"Màmá, kò tíì gbó."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ó kù tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ogójì ọdún lẹ fi tà á, Màmá. Gbogbo àfonífojì ló mọ̀ pé ẹ kì í pe tútù ní gbígbó."

"Fún àwọn oníbàárà mi nìyẹn. Ìwọ kì í ṣe oníbàárà mi." Ó ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà pa, ó gbá báàgì náà kí eruku jáde, ó jù ú sí mi láyà. "Gbà, kó kóòtù ẹ sí i. Kọ́bọ́ọ̀dù rẹ yẹn, oko mi ni láti òní lọ. Kó o sì jókòó, kó o ka ìwé yẹn sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀, tíṣà."

Mo kà á. Ní gbogbo ibi tí mo bá ti ka "má ṣe," á ní kí n tún un kà. Inú báàgì yẹn náà ni kóòtù ìgbéyàwó mi wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.