Síbí Àkọ́kọ́

Ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò jẹun. Ìgò míníràlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn ń wo àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó wà nídìí tábìlì. Malikah yí ojú sí ògiri.

"Fara balẹ̀ jàre," ni Jùwọ́n sọ fún un. "Oúnjẹ la wá jẹ, a ò wá ṣe ìdánwò."

Dinah fi ìgúnpá gbá a. Ọmọ Ìfọ́n ni àwọn méjèèjì, ọmọ Ìlobù ni Malikah. Nígbà tí wọ́n jọ wà nílé ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ìjà ilẹ̀ dé, iná jó ilé ní ìlú méjèèjì, ilé bàbá Malikah sì wà nínú wọn. Láti ìgbà náà, kò fẹsẹ̀ tẹ Ìfọ́n mọ́. Nítorí pé Dinah ń lọ sí Kàlàbá lọ́la fún iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ló ṣe wá. Ìyá Malikah kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ tipẹ́: "Má fi ẹnu kan oúnjẹ wọn láéláé."

Ilé oúnjẹ náà dára, ìyẹn gan-an ló dùn ún. Tábìlì mẹ́rin péré, aṣọ pupa lórí wọn, òórùn aáyù àti edé ń ti ilé ìdáná wá. Dọlápọ̀sí tó ni ibẹ̀ ti gbé Sípéènì pẹ́ kó tó padà wá ṣí i sí yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Malikah ti ń lá àlá irú ibi báyìí.

"Ẹ̀yin méjì yìí, mo mọ bàbá yín," ni ọkùnrin náà sọ lójijì. "Ìwọ tó fi ìbòrí borí, ọmọ ta ni ọ́?"

Ìbéèrè ìkà kọ́. Bí àgbà ṣe ń kí ọmọdé ní gbogbo agbègbè yẹn nìyẹn. Malikah kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ọmọ Ẹ̀rìn ni mí, sà." Ìlú mìíràn nítòsí ni Ẹ̀rìn; kò lè dárúkọ Ìlobù níbẹ̀.

"Ẹ̀rìn? Agboolé wo?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Dinah ń wo ilẹ̀. Jùwọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ yàgò, ó gbóná o!" Dọlápọ̀sí jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé páànù ńlá kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kọ́mọ jẹun ná. Ṣé ẹ fẹ́ fi í ṣaya ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò dìde.

Páéyà ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà: ìrẹsì pupa rẹ́súrẹ́sú, edé àti adìẹ lórí rẹ̀, páànù kan náà fún gbogbo wọn. Jùwọ́n àti Dinah mú síbí. Ọwọ́ Malikah wà lábẹ́ tábìlì.

"Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀ o," ni Dọlápọ̀sí wí.

Malikah mi orí. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Dọlápọ̀sí wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó mú síbí iwájú Malikah, ó fi bu ìrẹsì níhà tó kọjú sí Malikah gan-an, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Bí ẹni tó fẹ́ fún àlejò lómi ṣe ń kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ nìyẹn, kó lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe ìyẹn fún ọmọ Ẹ̀rìn? Ẹni tó ní ìdí láti bẹ̀rù ọwọ́ rẹ lò ń ṣe é fún.

Dọlápọ̀sí ti mọ̀ pé ọmọ Ìlobù ni.

Ó na síbí mìíràn sí Malikah. Malikah jẹun. Kò mọ adùn síbí àkọ́kọ́. Nínú èkejì ló tó mọ kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n dìde, Dọlápọ̀sí ki abọ́ ìrẹsì oníke kan bọ Malikah lọ́wọ́. "Fún màmá rẹ," ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè sí ẹnu ọ̀nà: "Bá mi kí gbogbo ilé ní Ẹ̀rìn o! Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá kí wọn!"

Ọkùnrin náà ká ẹsẹ̀ kò. Wọ́n kọjá.

Lórí ọ̀kadà, Malikah gbá abọ́ náà mọ́ ikùn, wọ́n ń kọjá lára àwọn ilé tí kò ní òrùlé mọ́.

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ ló ṣí abọ́ náà. "Ó mà ń ta sánsán o. Níbo lo ti rí i?"

Irọ́ pé Òṣogbo ni ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ìfọ́n ni, màámi."

Ìyá rẹ̀ fa ọwọ́ kúrò bí ẹni iná jó. Malikah mú síbí kan, ó bu ìrẹsì náà níhà tó kọjú sí ìyá rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu. Ó na síbí mìíràn sí i.