Bàtà Lórí Rọ́ọ̀gì Mọ́mì

Bí Moróunkẹ́ ṣe wọ pálọ̀ wọn ní Bódìjà, ó bá ọkùnrin méjì tí kò mọ̀ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín.

"Kí àwọn bọ̀dá ẹ."

Ó kúnlẹ̀, ó tẹrí ba bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, lojú rẹ̀ bá bọ́ sí ẹsẹ̀ Mọ́mì. Ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n yìnnìn. Bàtà sì ni àwọn ọkùnrin náà wọ̀ lórí rọ́ọ̀gì tí Dádì gan-an kì í wọ bàtà gùn! Àlejò wo nìyẹn?

Ó gbójú sókè. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu Mọ́mì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ́jú sí ẹnu ọ̀nà. Ojú yẹn ni wọ́n fi ń lé e kúrò níwájú àlejò láti kékeré, ó sì máa ń bí i nínú.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n lọ ra mínírà wá fún wọn."

Ó rọra jáde, ó ń bẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó má sáré. Ó kù díẹ̀ kó dé géètì nígbà tí ọkùnrin kẹta yọ lẹ́yìn mọ́tò, tó sì ṣí géètì fún un. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ ká jọ lọ," ló wí.